Ìyá Ìbejì méje, irinṣẹ́ kan: bí mo ṣe tún ìwé àlàyé update_customer kọ

Ọjọ́ Ajé

Ìpè láti Balógun ló jí mi. Àǹtí mi ò tiẹ̀ jẹ́ kí n kí wọn tán. "Àbúrò, ta ló sọ fún ẹ̀rọ rẹ pé Ìyá Ìbejì ti Mushin ò jẹ mí ní kọ́bọ̀?"

Mo dìde jókòó. Ìyá Ìbejì ti Mushin jẹ wọ́n ní ₦186,000, owó àǹkárá tó kó nígbà ọdún Iléyá, gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀. Iná ti lọ láti òru, mo ṣí kọ̀ǹpútà nínú òkùnkùn, mo wo àkọsílẹ̀ rẹ̀. Gbèsè: 0. Àkíyèsí: òfo. Àdírẹ́sì: Ìkòròdú. Obìnrin yìí ò gbé Ìkòròdú rí láyé ẹ̀.

Kí ẹni tó ń kà má bàa sọnù, bí nǹkan ṣe rí nìyí. Àǹtí ń ta àǹkárá àti léèsì fún àwọn alárọ́bọ̀ ní ọjà Balógun, ní Erékùṣù Èkó. Àwìn ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbà. Oṣù mẹ́rin sẹ́yìn ni mo kó ìwé àwìn wọn, ìwé gbọọrọ mẹ́ta tí igun wọn ti ká, sínú dátábéèsì Postgres, ibi tí kọ̀ǹpútà ń tọ́jú àkọsílẹ̀ sí. Nígbà tó di oṣù tó kọjá, mo so ejẹ́ǹtì AI mọ́ ọn, kí akọ̀wé ṣọ́ọ̀bù lè máa sọ ohun tó fẹ́ bí ẹni ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀, dípò kó máa wá àyè tí yóò kọ ọ́ sí nínú fọ́ọ̀mù. Ejẹ́ǹtì tí mò ń wí yìí kì í ṣe ti ilé o, èyí tó ń gba kọ́mísọ̀n lọ́wọ́ ayálégbé. Módẹ́ẹ̀lì èdè ni, tí a fún ní irinṣẹ́ kó lè fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nǹkan.

Módẹ́ẹ̀lì ò rí kóòdù mi. Ohun mẹ́ta péré ló ń rí nípa irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan: orúkọ rẹ̀, àlàyé rẹ̀, àti JSON Schema tó sọ irú ohun tí irinṣẹ́ náà ń gbà. Yóò ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, yóò pinnu, yóò kọ JSON (ọ̀nà tí ètò kọ̀ǹpútà fi ń to dátà ránṣẹ́ síra wọn) jáde, ètò tèmi ni yóò sì gba JSON náà lọ sínú dátábéèsì. Bó ṣe rí nìyẹn láti ìgbà tí OpenAI ti gbé function calling, ọ̀nà tí módẹ́ẹ̀lì fi ń lo irinṣẹ́, jáde ní oṣù kẹfà ọdún 2023, bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí nínú MCP, ìlànà tí a fi ń so irinṣẹ́ mọ́ módẹ́ẹ̀lì, tí Anthropic gbé síta ní oṣù kọkànlá ọdún 2024. Ìwé àlàyé tí a máa ń kọ nígbà tí iṣẹ́ bá ti parí, tí ẹnikẹ́ni kì í kà, kọ́ nìyí. Ejẹ́ǹtì ń kà á ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá bá a sọ̀rọ̀, kò sì ní nǹkan mìíràn tó lè kà.

Kí wá ni mo kọ fún update_customer, irinṣẹ́ tó ń tún àkọsílẹ̀ oníbàárà ṣe? "Updates a customer record." Ọ̀rọ̀ mẹ́rin. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ síbí.

Mo ka log, àkọsílẹ̀ ohun tí ejẹ́ǹtì ti ṣe. Ní ọ̀sán Àbámẹ́ta, akọ̀wé kọ ọ́ pé Ìyá Ìbejì ti kó lọ sí Ìkòròdú, ó sì fi àdírẹ́sì tuntun sí i. Ejẹ́ǹtì wá Ìyá Ìbejì, ó rí púpọ̀, ó mú ẹni àkọ́kọ́. Àṣìṣe kìíní nìyẹn. Ìkejì ló burú jù, tèmi sì ni: nínú schema, mo kọ gbogbo àyè sábẹ́ "required" (dandan), orúkọ, fóònù, àdírẹ́sì, àkíyèsí, gbèsè. Mo fi ipá mú un pé kó fi nǹkan sí gbogbo wọn. Èyí tí kò mọ̀, ó fi òfo dí i. Gbèsè tí kò mọ̀, ó fi 0 sí i. Ohun tí ìwé mi ní kó ṣe ló ṣe.

Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a máa ń fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ejẹ́ǹtì ò mọ̀yẹn. Bí o bá ṣe rán an gan-an ni yóò ṣe jẹ́ ẹ.

Mo dá àkọsílẹ̀ náà padà láti inú backup (ẹ̀dà ìpamọ́) aago méjì òru tó ṣáájú àṣìṣe náà, mo pa irinṣẹ́ náà, mo sì sọ fún Àǹtí pé n ó wá lọ́la.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Danfó láti Yábàá, afárá Carter, Ìdúmọ̀tà. Kí n tó rìn wọ inú Balógun, ọmọlanke kan ti fa etí ṣẹ́ẹ̀tì mi ya.

Èrò mi ni pé n ó jókòó sí kọ́rọ̀ kan kí n kọ àlàyé tuntun. Mi ò kọ nǹkan kan lónìí. Ẹ̀gbẹ́ akọ̀wé ni mo jókòó sí láti aago mẹ́wàá títí di mẹ́rin, mò ń wo bí ènìyàn ṣe ń ṣe iṣẹ́ tí mo gbé fún ẹ̀rọ.

Oníbàárà kan pè, ó ní òun ti pààrọ̀ láìnì. Akọ̀wé béèrè orúkọ, wọ́n ní "Ìyá Ìbejì ni." Kò tiẹ̀ ronú rárá tó fi dáhùn pé, "Ìyá Ìbejì wo, mà?" Méje ló wà nínú ìwé. Ẹni tó bá ti gbọ́ nípa Igbó-Ọrà, tó sì mọ bí ilẹ̀ Yorùbá ṣe ń bí ìbejì tó, kò ní yà á lẹ́nu. Ìyá Ìbejì Mushin wà, ti Ṣómólú wà (òun ló kó lọ sí Ìkòròdú), Ìyá Ìbejì pupa wà, Ìyá Ìbejì oníléèsì wà, Ìyá Ìbejì àgbà wà. Àwọn méjì tó kù, "Ìyá Ìbejì" lásán ni, nọ́ńbà fóònù nìkan la fi ń dá wọn mọ̀.

Ó tún ń ṣẹlẹ̀ lódì kejì. Obìnrin kan ṣoṣo lè ní orúkọ mẹ́rin: orúkọ ọmọ rẹ̀ tí wọ́n fi ń pè é, orúkọ tó wà ní báńkì tó ń jáde bó bá fi owó ránṣẹ́, ìnagijẹ tí Àǹtí fún un, àti Alhaja tó di nígbà tó ti Mẹ́kà dé. Tí wọ́n bá ti pè é ní Alhaja, kò ní dá ẹni tó bá pè é ní orúkọ àtijọ́ lóhùn. Fóònù pàápàá kì í ṣe ti ẹnì kan. Ìyàwó méjì nínú ilé kan ní Ìdí-Òrò ń lo nọ́ńbà ọkọ wọn, wọ́n sì ń gba àwìn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Nígbà tó di ọ̀sán, Àǹtí ń kọ́ ọmọ ṣọ́ọ̀bù tuntun kan. Wọ́n ní fún ọ̀sẹ̀ kan, kò ní fọwọ́ kan ìwé. Kó máa béèrè ni. Mo ní ṣé kò ní fa iṣẹ́ sẹ́yìn. Wọ́n wò mí. "Ìbéèrè ò ná mi ní nǹkan. Àṣìkọ ló ń ná mi lówó."

Mo kọ ìyẹn sínú fóònù mi.

Ọjọ́rú

Ní Yábàá, iná wà. Mo bẹ̀rẹ̀.

Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ àlàyé tí ẹ̀rọ ń kà. Kì í ṣe pé Yorùbá ò lè sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ Yorùbá tó ní àmì ohùn, ńṣe ni tokenizer àwọn módẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí, ohun tó ń gé ọ̀rọ̀ sí ẹyọ tí à ń pè ní token, máa ń gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ, àlàyé yìí sì ń wọlé pẹ̀lú gbogbo ìbéèrè, token kọ̀ọ̀kan lówó lórí. Èyí tí akọ̀wé ń kà, Yorùbá ni. Ìtumọ̀ ti ẹ̀rọ rèé, lẹ́yìn tí mo ti gé e, tí mo tún un kọ, tí mo sì tún gé e:

"Irinṣẹ́ yìí ń yí ohun kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ padà nínú àkọsílẹ̀ oníbàárà tó ti wà nílẹ̀. Lò ó nígbà tí òṣìṣẹ́ bá sọ pé orúkọ, nọ́ńbà fóònù, àdírẹ́sì tàbí àkíyèsí oníbàárà ti yí padà. Má lò ó láti dá oníbàárà tuntun sílẹ̀. Create_customer wà fún ìyẹn. Má lò ó fún ọ̀rọ̀ owó. Record_payment àti record_sale wà fún ìyẹn. Lo find_customer ṣáájú, kí o sì mú customer_id láti inú èsì rẹ̀. Bí èsì bá ju ẹyọ kan lọ, má yan èyíkéyìí: ka orúkọ, àdúgbò àti nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn fóònù wọn fún òṣìṣẹ́, kó mú ọ̀kan. Ohun tí o bá fi ránṣẹ́ nìkan ló máa yí padà. Ohun tí o kò bá fi ránṣẹ́ yóò wà bó ṣe wà."

Gbólóhùn méjì tó kẹ́yìn yẹn ni ì bá gba ₦186,000 sílẹ̀.

Mo jìyà díẹ̀ lórí wọn. Ìyàtọ̀ wà láàárín "mi ò sọ nǹkan nípa fóònù" àti "mo ní kí o yọ fóònù kúrò", kọ̀ǹpútà sì ní ọ̀nà mẹ́ta láti sọ ọ́: kí àyè náà má sí rárá, kó wà pẹ̀lú null (àmì pé kò sí nǹkan níbẹ̀), tàbí kó wà pẹ̀lú òfo. Nínú JSON Merge Patch, ìlànà àtúnṣe JSON tó wà nínú RFC 7396 ti ọdún 2014, null túmọ̀ sí "pa á rẹ́". Ìlànà tó mọ́ ni, inú mi sì dùn sí i tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n módẹ́ẹ̀lì fẹ́ràn null. Bí kò bá mọ nǹkan, null ló ń fọwọ́ kàn, bí ẹni tó ń fa ìlà sí àyè tí kò kàn án nínú fọ́ọ̀mù ilé-ìwòsàn. Ẹ wo bí ìlà yẹn ṣe máa di "pa á rẹ́" nínú ìwé àwìn. Nítorí náà irinṣẹ́ mi ò gba null, kò gba òfo. Ẹni tó bá fẹ́ yọ nǹkan kúrò yóò dárúkọ rẹ̀ nínú àyè ọ̀tọ̀ kan, clear_fields. Ó gùn ju ìlànà RFC lọ. Kò burú.

Nínú "required", ohun mẹ́ta péré ló kù: customer_id, version, àti reason. N ó padà sórí méjì tó kẹ́yìn.

Fóònù ò pẹ́. Akọ̀wé lè tẹ nọ́ńbà oní-11 tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 0, tàbí kó fi +234 bẹ̀rẹ̀, tàbí kó fi àlàfo sí àárín. Mo kọ́kọ́ kọ ìpínrọ̀ kan fún ejẹ́ǹtì lórí bí yóò ṣe sọ ọ́ di E.164, ìlànà nọ́ńbà fóònù àgbáyé, pé kó yọ 0 iwájú kúrò, kó fi 234 rọ́pò rẹ̀, kí gbogbo rẹ̀ má kọjá 15. Mo tún pa ìpínrọ̀ náà rẹ́. Ìlà kóòdù mẹ́rin lè ṣe é láìṣìṣe, kí ló dé tí mo fẹ́ máa bẹ ẹ̀rọ? Ohun tí kóòdù lè ṣe, mi ò kọ ọ́ sínú àlàyé mọ́. Àlàyé fóònù wá di: "Fi ránṣẹ́ bí òṣìṣẹ́ ṣe tẹ̀ ẹ́."

Àdírẹ́sì, mo pín in sí márùn-ún tẹ́lẹ̀ bí mo ṣe rí i nínú àpẹẹrẹ àwọn Òyìnbó: nọ́ńbà ilé, òpópónà, ìlú, ìpínlẹ̀, nọ́ńbà ìfìwéránṣẹ́. Ejẹ́ǹtì ń hùmọ̀ nọ́ńbà ìfìwéránṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò sọ. Ta ló fẹ́ sọ ọ́? "Ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí, ilé alájà tó ní géètì dúdú, ẹ pè mí tẹ́ ẹ bá dé bọ́sítọ́ọ̀pù" ni àdírẹ́sì tí àwọn agbérù ń lò, ó sì ń gbé wọn débẹ̀. Mo sọ márùn-ún di ẹyọ kan.

Lẹ́yìn náà ni mo kan ọ̀rọ̀ orúkọ, ibẹ̀ ni ilẹ̀ ṣú mi sí.

Ẹ wo lẹ́tà "ọ̀". Lójú wa, lẹ́tà kan ni. Nínú Unicode, ìlànà tó fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà nínú kọ̀ǹpútà, "ọ" ní kóòdù tirẹ̀, U+1ECD, ṣùgbọ́n "ọ̀" kò ní. Ènìyàn gbọ́dọ̀ kọ "ọ" kó sì fi àmì ohùn ìsàlẹ̀ U+0300 lé e lórí. Kíbọ́ọ̀dù fóònù kan ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Òmíràn á mú "o" lásán, á fi àmì sábẹ́ rẹ̀, U+0323, kó tó fi ti òkè. Òmíràn á mú "ò" tó ti wà tẹ́lẹ̀, U+00F2, á sì fi àmì sábẹ́ rẹ̀. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ ara wọn lójú bí Táíwò àti Kẹ́hìndé. Fún dátábéèsì, ènìyàn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Mo rí "Ìyábọ̀" kan tó ti di méjì nínú ìwé wa, ọ̀kan jẹ gbèsè, èkejì ti san án tán. Ẹnì kan náà ni wọ́n.

Oògùn rẹ̀ kò le. Kí nǹkan tó wọlé, kóòdù ń sọ ọ́ di NFC, tó ń kó ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ sí ọ̀kan ṣoṣo. Postgres ní normalize() fún ìyẹn láti ẹ̀dà 13. Fún ìwákiri, mo ní òpó kejì tí a ti bọ́ gbogbo àmì kúrò lára rẹ̀, nítorí "Iyabo" lásán ni akọ̀wé ń tẹ̀ nígbà tí èrò bá pọ̀ nílẹ̀. Bí a bá bọ́ àmì báyìí, Ṣ á di S, ọ á di o, orúkọ tó yàtọ̀ síra á sì bọ́ sínú èsì kan náà. Ó tẹ́ mi lọ́rùn bẹ́ẹ̀. Kí èsì pọ̀ kí ejẹ́ǹtì béèrè, ó sàn ju kó má rí oníbàárà kó sì lọ dá tuntun sílẹ̀.

Ohun kan ló kù níbẹ̀ tí kóòdù ò lè ṣe. Ejẹ́ǹtì fẹ́ràn láti ran ni lọ́wọ́. Akọ̀wé tẹ "Iyabo", ó sì fi àmì sí i fúnra rẹ̀, "Ìyábò", àmì tí kò tọ́, àmì tí ẹnikẹ́ni ò rán an. Mo fi gbólóhùn kan kún àlàyé àyè orúkọ: "Kọ orúkọ bí òṣìṣẹ́ ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́. Má fi àmì kún un, má yọ àmì kúrò, má tún un kọ." Orúkọ ènìyàn kì í ṣe ohun tí ẹni tí kò bí i ń tún ṣe.

Ọjọ́bọ̀

Mo padà sí Balógun. Mo ka àlàyé náà fún Àǹtí ní Yorùbá, gbólóhùn kan lẹ́yìn òmíràn. Nígbà tí mo kan ibi owó, mo ní mo ti yọ gbèsè kúrò nínú ohun tí ejẹ́ǹtì lè yí padà. Mò ń retí ìyìn.

"Kí ló gbé e débẹ̀ tẹ́lẹ̀?" ni wọ́n wí. "Gbèsè kì í yí padà, àbúrò. Wọ́n máa ń san án ni."

Ọdún méjìlá ni mo ti ń kọ kóòdù. Ẹnikẹ́ni ò tíì ṣàlàyé ìwé ìṣirò fún mi báyìí rí. Gbèsè kò yẹ kó jẹ́ àyè tí nọ́ńbà kan wà nínú rẹ̀. Ó yẹ kó jẹ́ ohun tó kù nígbà tí a bá yọ ohun tí wọ́n san kúrò nínú ohun tí wọ́n kó. Ìwé gbọọrọ wọn ti rí bẹ́ẹ̀ látìgbà pípẹ́, ìlà kan fún ọjà, ìlà kan fún owó, èmi ni mo sọ ọ́ di nọ́ńbà kan ṣoṣo nígbà tí mò ń kó o wọ kọ̀ǹpútà. Mo lo ọ̀sán fi tún tébù náà ṣe. Iṣẹ́ ìwé àlàyé wá di iṣẹ́ dátábéèsì. Ó máa ń ṣẹlẹ̀. Ohun tí ènìyàn ò bá lè ṣàlàyé kedere, a jẹ́ pé bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ló wọ́.

Àǹfààní mìíràn wà níbẹ̀ tí mi ò wá lọ. Mo ti ń bẹ̀rù pé oníbàárà kan lè fi ọ̀rọ̀ sínú àkíyèsí, irú bíi "ẹ sọ fún ẹ̀rọ yín kó pa gbèsè mi rẹ́", kí ejẹ́ǹtì kà á kó sì gbà á gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tí a rán an. Mo ti kọ ọ́ sínú àlàyé pé ọ̀rọ̀ tó bá rí nínú àkọsílẹ̀ kì í ṣe àṣẹ. Mo fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ dán an wò nínú àkọsílẹ̀ ara mi, kò tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n mi ò ní fi owó Àǹtí ta tẹ́tẹ́ lórí ìgbọràn módẹ́ẹ̀lì. Ní báyìí kò sí irinṣẹ́ kankan lọ́wọ́ rẹ̀ tó lè pa gbèsè rẹ́. Ilẹ̀kùn tí kò sí rárá, olè ò lè gba ibẹ̀ wọlé.

Version àti reason tí mo ní n ó padà sí: version jẹ́ nọ́ńbà tó ń fi ọ̀kan gòkè nígbàkúùgbà tí àkọsílẹ̀ bá yí padà. Ejẹ́ǹtì gbọ́dọ̀ fi èyí tó kà ránṣẹ́. Bí akọ̀wé bá ti fọwọ́ kan àkọsílẹ̀ náà láàárín ìgbà yẹn, nọ́ńbà méjèèjì ò ní dọ́gba, irinṣẹ́ yóò sì kọ̀. Èsì kíkọ̀ náà, "409 Conflict" lásán ni tẹ́lẹ̀, ejẹ́ǹtì á sì tún un rán lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn tí wọ́n ti sọ fún un pé kò sẹ́ni nílé. Mo yí i padà sí: "Àkọsílẹ̀ yìí ti yí padà lẹ́yìn tí o kà á. Tún lo find_customer, fi ohun tó yí padà han òṣìṣẹ́, kí o sì béèrè bóyá ó ṣì fẹ́ àtúnṣe rẹ̀." Ó dáwọ́ dúró lójú ẹsẹ̀. Èsì àṣìṣe náà jẹ́ ara ìwé àlàyé. Ìgbà tí ejẹ́ǹtì nílò rẹ̀ gan-an ni wọ́n ń fún un.

Reason ni ọ̀rọ̀ akọ̀wé gan-an, láìtún un sọ. Ó ń lọ sínú tébù mìíràn pẹ̀lú ohun àtijọ́, ohun tuntun, ẹni tó béèrè àti aago. Òfin Ìdáàbòbò Dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 fún ènìyàn ní ẹ̀tọ́ pé kí wọ́n tún dátà rẹ̀ tí kò tọ́ ṣe. Bí ẹnì kan bá wá sọ pé a ṣi àkọsílẹ̀ òun kọ, mo fẹ́ lè fi ọjọ́ náà hàn án.

Ní ìrọ̀lẹ́, ìdánwò. Mo ti kó ọgbọ̀n gbólóhùn jọ, ọ̀pọ̀ rẹ̀ láti inú log akọ̀wé. Ẹ̀dà àlàyé tí mo kọ́kọ́ gbé wá kún fún "má ṣe" ní lẹ́tà ńlá-ńlá. Kò ba àkọsílẹ̀ kankan jẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń béèrè "ṣé ó dá ẹ lójú?" lórí ohun gbogbo. Akọ̀wé fi ọwọ́ lé tábìlì. "Bọ̀ọ̀dá, ṣé ọlọ́pàá ojú ọ̀nà lẹ fi síbẹ̀ ni?" Mo yọ lẹ́tà ńlá, mo kọ ìgbà tí kò ní béèrè sí i: bí èsì bá jẹ́ ẹyọ kan, tí àtúnṣe náà sì yé, ṣe é, kí o sọ ohun tí o ṣe.

Gbólóhùn méjì ló ṣì kọ̀.

Èyí àkọ́kọ́: "e pa nomba e atijo mo o, o si n lo o." Akọ̀wé ní kó pa nọ́ńbà àtijọ́ mọ́, nítorí obìnrin náà ṣì ń lò ó. Ejẹ́ǹtì rí "pa", ó pa á rẹ́. Láìsí àmì ohùn, láìsí dọ́ọ̀tì lábẹ́, "pa mọ́" àti "pa rẹ́" wà nítòsí ara wọn ju bó ṣe yẹ lọ. Mo fi gbólóhùn náà gan-an sínú àlàyé clear_fields gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, pẹ̀lú ìtumọ̀ rẹ̀. Àpẹẹrẹ kan yẹn ṣe ohun tí ìpínrọ̀ méjì ò lè ṣe.

Èkejì: "Alhaja ti ṣaláìsí, ọmọ wọn ọkùnrin ló ń gba ọjà báyìí." Ejẹ́ǹtì yọ orúkọ Alhaja, ó fi ti ọmọ rọ́pò rẹ̀. Orúkọ yí padà lóòótọ́, àbí? Mo bi Àǹtí léèrè ohun tó yẹ kó ṣe. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní gbèsè òkú, ọ̀rọ̀ ẹbí ni, àwọn fúnra àwọn ni àwọn máa lọ kí wọn, kí ẹ̀rọ má dá sí i. Mo kọ ọ́ báyìí: "Bí òṣìṣẹ́ bá sọ pé oníbàárà ti kú, tàbí pé ẹlòmíràn ti gba ipò rẹ̀, má yí nǹkan kan padà. Sọ fún òṣìṣẹ́ pé kó lọ bá ọ̀gá."

Ọjọ́ Ẹtì

Mo ṣí irinṣẹ́ náà padà ní aago mẹ́sàn-án. Nínú MCP, mo fi destructiveHint (àmì pé irinṣẹ́ lè ba ohun tó wà nílẹ̀ jẹ́) sí true, nítorí ó ń kọ nǹkan tuntun lé àtijọ́ lórí. Find_customer gba readOnlyHint, àmì pé kíkà nìkan ló ń kà. Àmì lásán ni wọ́n, kò fi ipá dá ẹnikẹ́ni dúró, ṣùgbọ́n ètò tí akọ̀wé ń lò ń tìtorí rẹ̀ béèrè kó tó jẹ́ kí irinṣẹ́ náà ṣiṣẹ́.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí akọ̀wé rán an ni ti Ṣómólú, èyí tó dá gbogbo wàhálà sílẹ̀. Ó ka méje fún un, pẹ̀lú àdúgbò àti nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn. Akọ̀wé mú ìkejì. Àdírẹ́sì yí padà, gbèsè wà níbi tó wà, version di 5.

Ohun tó kù fún mi: àwọn ìyàwó méjì Ìdí-Òrò tó ń lo fóònù kan, find_customer ṣì ń kó wọn pọ̀ bó bá fi nọ́ńbà wá wọn. Àti ìwé ti akọ̀wé, ojú ewé méjì, tí mo ní láti tẹ̀ jáde kí n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lẹ́yìn tábìlì.

Kí n tó kúrò ní Balógun, obìnrin kan wọlé láti Agége, ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwìn. Akọ̀wé ṣí create_customer, ó béèrè orúkọ. Obìnrin náà ní Ìyá Ìbejì ni.